Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn sọ́ńbì ojú ogun nù

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ìwé ìròyìn yín ni mo máa ń kọ́kọ́ kà kí n tó ka nǹkan míì, torí náà tí mo bá bá yín jiyàn lónìí ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ tó ká mi lára ni. Ẹ gbé àpilẹ̀kọ kan jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn lórí àwọn ìtàn sọ́ńbì tí wọ́n ń gbé sójú ogun àtijọ́, ìyẹn àwọn ìwé àti fíìmù àti géèmù tí òkú ti máa ń dìde láàárín Ogun Àgbáyé Kìíní, Ogun Àgbáyé Kejì, ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ ọ́ ní eré ọmọdé ni gbogbo ẹ̀, wọ́n ní ìwọ̀sí ni fún àwọn tó kú lójú ogun lóòótọ́, pé kí àwọn òbí gbà á lọ́wọ́ ọmọ wọn kí wọ́n sọ ọ́ nù. Wọ́n tún ní sinimá Amẹ́ríkà kan ní 1968 ló dá sọ́ńbì sílẹ̀, pé kò kan ogun tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń wá owó ló kàn wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ogun lẹ́yìn. Ibi tí mo ti fò dìde lórí àga nìyẹn.

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n o. Ìdajì ọ̀rọ̀ wọn, mo fara mọ́ ọn, màá dé bẹ̀. Ṣùgbọ́n pé sọ́ńbì ò kan ogun tẹ́lẹ̀, rárá o, inú oko ẹrú àti inú ogun gan-an ni wọ́n ti bí i.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Háítì, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti wá. Nígbà tó ṣì jẹ́ Saint-Domingue ni wọ́n ń pè é, tí Faransé ń jẹ gàba lé e lórí, ẹrú bí 500,000 ló wà níbẹ̀ kí ọ̀tẹ̀ tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1791. Iṣẹ́ oko ìrèké ló ń pa wọ́n, wọ́n ń kú, àwọn ọ̀gá wọn ń ra òmíràn wá láti Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ náà ni títí. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tó bá kú, ẹ̀mí ẹ̀ á sọdá òkun padà sí Ginen, ìyẹn ilẹ̀ baba wọn, á lọ sinmi. Sọ́ńbì wá ni ẹni tí wọn ò jẹ́ kó sinmi, ó kú tán wọ́n jí i, wọ́n gba làákàyè ẹ̀, wọ́n ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹrú tí ikú pàápàá ò lè gbà sílẹ̀! Àwa ní àkúdàáyà nínú ìtàn tiwa, ṣùgbọ́n àkúdàáyà mọ ara ẹ̀, ó lè lọ sílùú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n kó fẹ́yàwó kó bímọ kó ṣòwò, kò séwu àfi tí ẹni tó mọ̀ ọ́n láyé bá yọ sí i lọ́jọ́ kan. Sọ́ńbì ò ní irú àǹfààní yẹn. Ohun tó ń bani lẹ́rù lára ẹ̀ ní Háítì kì í ṣe pé ó lè bu èèyàn jẹ, pé èèyàn lè di òun ni.

Báwo ló ṣe wá dé etí àwọn òyìnbó? Ṣọ́jà náà ló gbé e dé bẹ̀. Amẹ́ríkà kó ọmọ ogun wọ Háítì ní 1915, wọn ò kúrò títí di 1934. Wọ́n fi tipátipá kó àwọn ará oko lọ la títì, àwọn èèyàn bínú wọ́n gbé ìbọn, àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà pa olórí wọn Charlemagne Péralte ní 1919, wọ́n so òkú ẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ya á ní fọ́tò, wọ́n sì pín fọ́tò yẹn káàkiri kí ẹ̀rù lè ba àwọn yòókù. Àsìkò tí ṣọ́jà wà níbẹ̀ yìí ni William Seabrook, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà kan, lọ síbẹ̀, ìwé ẹ̀ jáde ní 1929, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa òkú tí wọ́n ń kó lọ ṣiṣẹ́ ìrèké, ó sì dé inú sinimá ní 1932. Ìyẹn, ó ṣì ku ọdún 36 kí fíìmù tí ẹ̀gbọ́n ń sọ tó jáde. Ohun tí ti 1968 ṣe ni pé ó gba ọ̀gá kúrò lórí òkú, ó sọ ọ́ di ajẹ̀ẹ̀yàn tó kàn ń rìn kiri, ìyẹn tí gbogbo ayé mọ̀ báyìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìwọ̀sí. Ẹ̀gbọ́n ní kò yẹ kéèyàn sọ pé ọmọ ogun tó kú jí dìde. Ṣé wọ́n ti gbọ́ nípa Osowiec? Odi ogun Rọ́ṣíà ni nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ilẹ̀ tó ti di Pólándì lónìí. Ní ìdájí ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1915, àwọn ọmọ ogun Jámánì dúró de atẹ́gùn títí ó fi fẹ́ síbi tí wọ́n fẹ́, wọ́n wá tú gáàsì chlorine sílẹ̀, ó sì wọ́ lọ bá àwọn tó wà nínú yàrà. Àwọn yẹn ò ní ìbòmú gidi kankan. Àwọn tí ò kú lára wọn ròyìn ẹ̀ lẹ́yìn náà, pé koríko dúdú, ewé igi di pupa rúsúrúsú ó ń já bọ́, idẹ tó wà lára àwọn ìbọn ńlá dógùn-ún ó di àwọ̀ ewéko. Àwọn Jámánì ní suuru kí gáàsì kọjá, wọ́n wá ń rìn bọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, ohun tí wọ́n rò ni pé òkú nìkan ló kù níwájú. Ni àwọn kan bá yọ látinú èéfín yẹn. Wọn ò pọ̀ o, bí ọgọ́ta sí ọgọ́rùn-ún èèyàn péré, wọ́n fi aṣọ tó rin gbingbin fún ẹ̀jẹ̀ wé ojú, wọ́n ń wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ àti ohun tó ya kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn ń jáde lẹ́nu, ọ̀bẹ wà lẹ́nu ìbọn, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, síbẹ̀ wọ́n ń bọ̀. Àwọn Jámánì yí padà wọ́n sá, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, àwọn míì lọ há sára wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Ọ̀gá tó kó àwọn aláìsàn yẹn jáde, Vladimir Kotlinsky, kú lọ́jọ́ yẹn náà látara ọgbẹ́ tó gbà.

Ìkọlù àwọn òkú ni wọ́n ń pe ọjọ́ yẹn títí dòní. Kò sí òǹkọ̀wé sọ́ńbì kankan tó bá wọn dá orúkọ yẹn, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé egungun tó wà ní Douaumont lẹ́bàá Verdun, pápá ogun ńlá kan ní Faransé nínú ogun yẹn kan náà, egungun ọmọ ogun tó tó 130,000 tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ wọn ló wà lábẹ́ ẹ̀, Faransé àti Jámánì wà pọ̀ torí kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ tó wá ronú pé tí àwọn wọ̀nyí bá dìde ńkọ́, ṣé ó bú wọn ni? Àwọn tó jagun yẹn pàápàá rò ó. Ará Faransé kan, Abel Gance, ṣe sinimá tó ń jẹ́ J'accuse, ogun ò tíì parí nígbà tó ń ya á, ó jáde ní 1919, níparí ẹ̀ àwọn òkú dìde ní pápá ogun wọ́n gbéra lọ sí abúlé wọn lọ wò ó bóyá ikú àwọn já mọ́ nǹkan kan, bóyá àwọn tó wà nílé ń fi ẹ̀jẹ̀ àwọn jayé. Ẹ gbọ́ èyí tó ń dùn mí jù nínú ẹ̀. Ṣọ́jà gidi ni àwọn tó ṣe òkú yẹn. Wọ́n fún wọn ní ìsinmi ọjọ́ díẹ̀ láti Verdun, wọ́n fi ọjọ́ ìsinmi yẹn wá dùbúlẹ̀ bí òkú níwájú kámẹ́rà, wọ́n dìde, wọ́n rìn, wọ́n sì padà sójú ogun, Gance sọ nígbà tó yá pé ọ̀pọ̀ lára wọn ni ogun pa láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ síyẹn. Nígbà tó tún un ṣe ní 1938, tí ogun míì ti ń rùn bọ̀, àwọn tí ogun ti fọ́ lójú tó fa ẹnu àti imú wọn ya gan-an ló kó wá, kò kùn wọ́n ní nǹkan kan. Àwọn yẹn ò rí i bí ìwọ̀sí. Wọ́n yọ̀ǹda ara wọn fún un.

Mo ní màá dé ibi tí mo ti fara mọ́ ẹ̀gbọ́n. Èyí ni: ìtàn tí wọ́n ti ní àwọn Násì, ìyẹn àwọn èèyàn Hitler ní Jámánì, ní yàrá àyẹ̀wò kan lábẹ́ ilẹ̀, dókítà wèrè kan po oògùn, òkú dìde, akọni wọlé ó yìnbọn títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ti ka irú ẹ̀ mo ti wo irú ẹ̀ tí mi ò lè kà wọ́n tán, ó sú mi, ṣùgbọ́n sísú kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ohun tó burú ńbẹ̀ ni pé ó ń gbé ẹ̀bi kúrò lórí èèyàn. Ọjọ́ 20 oṣù Kíní 1942, ọkùnrin 15 jókòó nínú ilé ńlá kan létí adágún Wannsee ní Berlin, ìpàdé wọn ò tó wákàtí méjì, ó lé ní ìdajì wọn tó ní oyè dókítà láti yunifásítì, ọtí wà nílẹ̀, wọ́n jíròrò bí wọ́n ṣe máa pa gbogbo Júù tó wà ní Yúróòpù. Àkọsílẹ̀ ìpàdé yẹn ka Júù orílẹ̀-èdè lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ka ẹrù, ó lé ní mílíọ̀nù 11. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 ni wọ́n pa kí ogun tó parí. Ará yòówù kó wà nídìí tábìlì yẹn, làákàyè ẹ̀ pé, ó jẹun ó mu omi, ó lọ sílé. Dókítà tó ń fi èèyàn ṣe ìdánwò náà wà lóòótọ́, ní àgọ́ Dachau wọ́n ń kó ẹlẹ́wọ̀n sínú omi dídì láti mọ ìgbà tí wọ́n máa kú, wọ́n sì ṣẹjọ́ irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀ ní Nuremberg láti 1946 sí 1947. Tí ọmọ kan bá wá dàgbà tó jẹ́ yàrá àyẹ̀wò inú géèmù ló mọ̀, tó rò pé ìtàn àròsọ ni pé dókítà Násì ń ṣe èèyàn báṣubàṣu, a ti ṣe nǹkan tí ò dáa sí àwọn tó kú sínú omi yẹn. Lórí ìyẹn, ẹ̀gbọ́n, ẹ gbá mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ àìsàn náà bó ṣe jẹ́. Òkú tó dìde ò ṣe nǹkan kan o, òǹkọ̀wé tó gbà á láyè kó gba ọ̀ràn alààyè rù ló ṣe é.

Ó tún ku èyí tó ń bí mi nínú, àìkàwé. Ẹni tó fẹ́ gbé sọ́ńbì sínú ogun àtijọ́ gbọ́dọ̀ mọ ogun yẹn ju ẹni tó ń kọ ìtàn ogun lásán lọ, torí òǹkàwé ti gbà fún un pé òkú ń rìn, gbogbo nǹkan tó kù gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé orí ni wọ́n ti ń pa sọ́ńbì, àbí? Ní 1914 awọ ni akoto tí ọmọ ogun Jámánì dé, Faransé sì dé fìlà aṣọ. Faransé ò bẹ̀rẹ̀ sí í pín akoto irin káàkiri àfi ní 1915, Jámánì 1916. Nítorí náà òkú ọdún 1916 le láti pa ju òkú ọdún 1914 lọ, ẹ ò rí i pé ìtàn ńlá wà nínú ìyẹn nìkan! Tàbí kó jẹ́ ayé ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu, ṣọ́jà tó mọṣẹ́ dáadáa lè yìn ín tó ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, tọ́wọ́ ẹ̀ ò bá gbọ̀n. Ẹ wo ọwọ́ tí ò ní gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ bí ìjọba inú ìtàn á ṣe fi ọ̀rọ̀ sọ́ńbì pamọ́ náà, àwọn òǹkọ̀wé ò nílò láti ronú jìnnà. Fulúù ọdún 1918 pa èèyàn tí wọ́n fojú bù sí mílíọ̀nù 50, àwọn ìlú tó ń jagun ò jẹ́ kí ìwé ìròyìn wọn sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ bó ṣe yẹ kí ọkàn ará ìlú má bàa rẹ̀wẹ̀sì, Sípéènì tí ò sí nínú ogun ló ń kọ ọ́ síta, ni wọ́n bá sọ àìsàn yẹn ní ti Sípéènì. Ẹ fi òkú tó ń rìn rọ́pò fulúù níbẹ̀, ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ara ẹ̀ tán.

Àwọn ará Kòríà ló gbọ́n jù nídìí ẹ̀ lójú tèmi. Wọ́n gbé ìtàn sọ́ńbì tiwọn sí àsìkò tó tẹ̀ lé ogun tí Jàpáànì gbé wá bá wọn láti 1592 sí 1598, ìgbà tí ìyàn mú, tí àwọn ọlọ́lá sì ń jẹ àjẹyó, ebi àwọn mẹ̀kúnnù àti ebi òkú wá di nǹkan kan náà. Ogun yẹn kan náà ni wọ́n ti gé imú èèyàn kó lọ sí Jàpáànì láti fi gbowó iṣẹ́, òkìtì tí wọ́n sin ín sí ṣì wà ní Kyoto, ó kéré tán imú èèyàn 38,000 ni.

Èmi náà ń kọ ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, bóyá ẹ̀gbọ́n á fi mọ ìdí tí mo fi ń pariwo. Oṣù Kẹfà 1864, Cold Harbor ní Virginia, nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Ọ̀gá ṣọ́jà kan tó wà lọ́dọ̀ Ọ̀gágun Grant, Horace Porter, kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìkọlù ńlá yẹn òun rí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n bọ́ kóòtù wọn, òun rò pé wọ́n ń rán an ni, ìgbà tí òun sún mọ́ ọn lòun rí i pé orúkọ àti àdírẹ́sì ilé ni wọ́n ń kọ sí bébà pélébé, tí wọ́n ń fi pín-ìnnì há a sẹ́yìn kóòtù, kí wọ́n lè mọ òkú wọn. Wọn ò pariwo, wọn ò sunkún, wọ́n kàn ń kọ ọ́. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ṣubú. Àwọn tó gbọgbẹ́ wà láàárín yàrà méjèèjì bí ọjọ́ mẹ́rin tí àwọn ọ̀gágun méjèèjì fi ń kọ lẹ́tà síra wọn lórí bí wọ́n ṣe máa dáwọ́ ogun dúró díẹ̀, ìgbà tí wọ́n máa ṣe tán ọ̀pọ̀ ti kú.

Fọ́tò kan wá wà tí wọ́n yà níbẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1865, ní nǹkan bí oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ wá a wò tí ẹ bá láyè. Àwọn ọkùnrin adúláwọ̀ ni wọ́n ń ṣa egungun yẹn. Mẹ́rin ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn, ọ̀kan jókòó níwájú, pákó tí wọ́n fi ń gbé òkú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, agbárí wà lórí ẹ̀ ní ìtò, bàtà kan tí ẹsẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀ sì yọ síta. Ọkùnrin tó jókòó yẹn ń wo kámẹ́rà. Ojú yẹn ni mi ò lè gbàgbé, òun ni mo fi kọ ìtàn mi.

Nínú ìtàn tèmi, àwọn òkú yẹn dìde lójú àwọn tó ń ṣa wọ́n, wọn ò sáré, wọn ò jẹ ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn kọ ẹ̀yìn sí àwọn alààyè, wọ́n dúró. Ó pẹ́ kó tó yé àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ pé bébà ẹ̀yìn kóòtù ni wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan kà. Òfin Virginia ò sì gbà kí wọ́n kó ẹrú jọ kọ́ wọn ní ìwé tipẹ́ ṣáájú ogun yẹn, nínú àwọn márààrún ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lẹ́tà, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́, ó ń pè é lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣì í. Tó bá pè é gba, ẹni yẹn á dùbúlẹ̀. Tó bá ṣì í, á ṣì dúró síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó kà á bi mí pé ẹ̀rù dà níbẹ̀, mo ní kó dúró kí ilẹ̀ ṣú, torí òjò oṣù mẹ́wàá ti jẹ ọ̀pọ̀ bébà yẹn, ńṣe ni wọ́n ń tò sẹ́yìn ara wọn, kóòtù tí nǹkan kan ò sí lẹ́yìn ẹ̀ mọ́ àyàfi pín-ìnnì tó ti dógùn-ún. Ibẹ̀ ni mo bá a dé, mi ò tíì mọ ohun tí ọkùnrin yẹn máa ṣe fún wọn.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀ yín ò pọ̀. Ẹ bá wa ṣàtúnṣe ọdún yẹn nínú ìwé ìròyìn yín, 1929 ni ti ìwé, 1932 ni ti sinimá, kí àwọn ọmọ tó ń kà yín má lọ fi 1968 jiyàn. Tí ẹ̀gbọ́n wa bá sì ṣetán láti tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, kí wọ́n wo J'accuse kí wọ́n tó gbé bírò, apá tó kẹ́yìn nìkan tó, kí wọ́n máa wo ojú àwọn tó ń rìn bọ̀ yẹn dáadáa.

Èmi ni òǹkàwé yín tòótọ́.